Mo Gbé Báàgì Gun Òkè Lọ Wo Ilé Àna Wa

Ẹ̀yin ará Ṣàngó, ẹ̀yin ará Ìjù, ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ wa láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ọ̀fun mi lè sinmi. Òótọ́ ni pé mo lọ sórí òkè. Òótọ́ ni pé mo gbé báàgì ńlá kọ́ ẹ̀yìn bí àwọn òyìnbó tó máa ń fẹsẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èmi àti wọn ni pé àwọn ń wá fàájì, èmi ń wá àléébù.

Ẹ kúkú mọ iṣẹ́ mi. Níbi tí a ti ń ṣe abọ́ oníke, èmi ni mo máa ń dúró síbi tí abọ́ ti ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Èyí tó wọ́, èyí tó sán, èyí tó ní àmì bíńtín nídìí, mo ti jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó tutù. Mo ti ṣe é pẹ́ débi pé bí ènìyàn bá rẹ́rìn-ín sí mi, eyín tó kán ni mo kọ́kọ́ máa ń rí.

Àbúrò mi Dúpẹ́ ló fa ìrìn-àjò yìí. Ó mú ọkọ wá sílé. Kòmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, táìsì ilẹ̀ ilé ló ń tò káàkiri Ọ̀tà. Inú Bàbá wa dùn sí i títí ọ̀rọ̀ fi kan ìlú. Kòmí ní ọmọ Tógò lòun, láti orí òkè tó wà lẹ́yìn Kpalimé, nítòsí bọ́dà Gáná. Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e lé orí itan.

“Mi ò ní nǹkan kan sí i,” ni Bàbá wí nígbà tí Kòmí lọ tán. “Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Ọ̀yọ́ ilé wa ni, ọbẹ̀ ò ní tí ì hó tí mo máa ti gbọ́ gbogbo ìtàn ìdílé wọn. Tógò! Ta ni mo fẹ́ bi léèrè ní Tógò?”

Ẹ mọ ohun tí ìwádìí jẹ́ láàárín àwa Yorùbá. Kí a tó fọmọ fọ́kọ, a ó rán ẹni tí ojú rẹ̀ mú lọ sí àdúgbò àna láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ṣé kò sí olè nínú wọn? Ṣé kò sí wèrè, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé kò sí wárápá? Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, a ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. A ó kàn ní ọmọ wa ò tí ì ṣe tán. Bàbá ka àwọn ìbéèrè náà sí mi létí, ó ń fi ìka ọwọ́ rẹ̀ kà wọ́n, ó sì ní èmi ni kí n lọ.

“Má sọ ẹni tó o jẹ́ fún wọn o. Ilé tó bá ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá wo òun, gbígbá ni wọ́n máa ń gbá a.”

Ìdí rèé tí mo fi ra báàgì àwọn òyìnbó nínú òkìríkà ní ọjà Ṣàngó, èyí tí okùn pọ̀ lára rẹ̀ bí ìfun ẹran. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Dúpẹ́ sìn mí dé gáréèjì, ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù.

“Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú ibi iṣẹ́ yín wò wọ́n. Tí ẹ bá dé tí ẹ sọ pé rárá, Bàbá ò ní gbọ́ tẹnikẹ́ni mọ́.”

Ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà ni, gbogbo ayé rẹ̀ sì ti bọ́ sínú báàgì tí mo gbé kọ́ ẹ̀yìn.

Ibi tí Yorùbá tán sí

Mi ò ní fi ìtàn mọ́tò dá yín dúró. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Ṣàngó dé Ìdí-Ìrókò rí mọ ohun tí ìbàdí máa ń rí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èmi dúró ní bọ́dà kí wọ́n yẹ ìwé mi wò, èdè mi ò dúró. Ó ti kọjá lọ ṣáájú mi. Obìnrin tó ta ẹ̀pà fún mi lódì kejì kí mi pé, “Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀gbọ́n.” Ní Àjàṣẹ́, bàbá kan júwe ọ̀nà fún mi ní Yorùbá tó jinlẹ̀ ju tèmi lọ, ojú sì tì mí nígbà tí mo fi “okay” dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ti ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn ni Yorùbá ń fẹ́lẹ́ sí i, bí ọbẹ̀ tí wọ́n ń bu omi lé, títí ó fi tán. Nígbà tí mo fi máa dé Lomé, èmi Bísí tí ẹnu mi kì í sinmi ti di odi. Mo fẹ́ ra búrẹ́dì, ìka ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ń tà á rí i pé mo jẹ́ àlejò. Ó gba èyí tí mo mú kúrò lọ́wọ́ mi, ó yí i padà, ó fi ibi tó ti jóná lábẹ́ hàn mí, ó sì ki ọwọ́ sísàlẹ̀ agbọ̀n, ó fa èyí tó gbóná yọ fún mi. Èmi tí mo ń jẹun lórí rírí àbùkù! Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo jẹ búrẹ́dì náà gbẹ, mo sì ń rẹ́rìn-ín ara mi.

Kpalimé

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Ọ̀tà, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tó ga jù tí mò ń rí lójoojúmọ́ ni bíríjì Ṣàngó àti ihò èéfín àwọn ilé-iṣẹ́. Mo sùn lọ nínú ọkọ̀. Nígbà tí mo jí, mo rí i pé òjò ti ṣú dúdú níwájú wa, mo bá ń wá bí mo ṣe máa ti fèrèsé. Ọkùnrin tó jókòó tì mí wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ gun afẹ́fẹ́ lọ sókè. Kì í ṣe òjò. Òkè ni. Òkè lẹ́yìn òkè, igbó bò wọ́n látòkè délẹ̀, ìkùukùu sì jókòó sáàárín wọn. Mo la ẹnu, mi ò sì rántí pa á dé títí ọkọ̀ fi dúró.

Ìlú náà kì í kánjú. Mo wọ ìsọ̀ kan láti ra ọṣẹ. Ìyá tó ni ín ń sùn lórí àga, oníbàárà méjì sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró kó jí. Ẹ fojú inú wo ìyẹn ní Ṣàngó! A ó ti jí i, a ó ti bú u, a ó sì ti délé. Mo fẹ́ pariwo kó lè jí, ọ̀kan nínú wọn sún, ó fi ọwọ́ gbá bẹ́ǹṣì fún mi. Èmi náà jókòó. Nígbà tí ìyá náà jí, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ó ti ń retí wa, ó wá wò mí látòkè délẹ̀.

“Ọmọ Nàìjíríà ni ẹ́,” ló wí ní Yorùbá. “Bó o ṣe ń mi ẹsẹ̀ yẹn ló tú àṣírí ẹ.”

Àlájà Sàfú lorúkọ rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá rẹ̀ ti gbé aṣọ wá tà, Kpalimé ni wọ́n sì bí òun sí. Kò dé ilé rí. Yorùbá rẹ̀ dà bíi ti ìyá mi àgbà, kò sí ẹyọ Gẹ̀ẹ́sì kan nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá sọ, ó ń fi “Alihamudulilai” gbà á. Ó ní dandan ni kí n bá òun jẹ fùfú. Mo yínmú. Fùfú ẹ̀gẹ́, lọ́sàn-án gangan, nínú oòrùn yìí? Wọ́n gbé abọ́ dé, mo ṣí i, iyán ni mo bá níbẹ̀! Iyán funfun báláú, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́ tí ata rẹ̀ mú mi dé etí.

“Bí wọ́n ṣe ń pè é níbí nìyẹn,” ni Àlájà wí. “Jẹun, má fi imú dá ẹjọ́ oúnjẹ.”

Ó bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Mo ní mo wá wo òkè ni. Ó wò mí títí.

“Òkè nìkan?”

“Òkè nìkan ni, mà.”

“Ó dáa. Àwọn tó ń gbé orí ẹ̀ ni kó o wò dáadáa.”

Níbi tí mo sùn, àwọn ọmọbìnrin òyìnbó méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì bíi tèmi, ẹsẹ̀ wọn kún fún ẹrẹ̀. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n pé kí gan-an ni wọ́n ń wá. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní àwọn ò wá nǹkan kan, àwọn kàn fẹ́ rí i ni. Mo rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ta ló máa rin irú ìrìn báyìí láti wo nǹkan tí kò ní rà, tí kò sì ní jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?

Omi tó ń ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀

Ọ̀nà tó gun òkè lọ ń yí lọ yí bọ̀, mo sì di ọlọ́kadà mú bí ẹni pé ọmọ ìyá mi ni. Afẹ́fẹ́ tutù bíi pé ẹnìkan ṣí fíríìjì sí wa lójú. Níbì kan, ìkùukùu kan kọjá lójú títì níwájú wa jẹ́jẹ́, bí ewúrẹ́ tó ń relé.

Ilé Yao ni mo ń lọ. Àbúrò bàbá Kòmí ni. Bàbá Kòmí fúnra rẹ̀ ti kú, Yao sì ni olórí ilé. Dúpẹ́ ló sọ fún mi pé ó máa ń fún àwọn arìnrìn-àjò ní yàrá sùn, ó sì máa ń mú wọn wo oko kọfí rẹ̀. Ó ti to táìsì ní Agége rí, nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọkadà, wọ́n ń pariwo “Wòézọ̀! Wòézọ̀!”, ìyẹn ẹ káàbọ̀. Wọ́n gbé àga fún mi, àwọn náà jókòó yí mi ká. Ìyá Kòmí, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife omi fún mi, ó tẹ orúnkún rẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa nílé. A kì í gba nǹkan ẹnu lọ́wọ́ ẹni tí a ò mọ̀. Mo na ìgò omi mi sókè kí wọ́n lè rí i. “Ẹ ṣé mà, mo ní omi lọ́wọ́.”

Gbogbo ilé dákẹ́. Kì í ṣe ìbínú o. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan. Àgùtàn kan kọjá, ó wò wá, ó lọ. Mo ní yàrá ni mo ń wá. Yao mi orí, kò fèsì. Ní ilé wa, lẹ́nu géètì ni a ti ń bi àlejò pé ta lẹ̀ ń wá, kí lẹ fẹ́, kó tó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn mú mi làágùn nínú òtútù.

Nígbà tó pẹ́, Yao ṣàánú mi.

“Sísítà, níbí, a kì í bi àlejò pé kí ló gbé e wá tí kò bá tí ì mu omi. Omi ló ń ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀. Tí ẹ ò bá mu ún, a máa jókòó báyìí ni títí ilẹ̀ á fi ṣú. A ti bá òyìnbó kan jókòó bẹ́ẹ̀ rí, díẹ̀ ló kù kó sunkún.”

Mo gba ife náà, mo mu. Omi orí òkè ni, ó tutù, ó dùn. Bí mo ti gbé ife sílẹ̀ ni Yao dìde dúró, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ní tiwa, àlàáfíà ni. Ẹ̀yin lẹ wà lójú ọ̀nà. Kí lẹ mú bá wa?”

Omi náà ṣì ń tutù lọ lọ́fun mi. Mo ní, “Mo wá wo òkè ni.” Ó túmọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn sì mi orí. Ìyá Kòmí sọ nǹkan kan.

“Ó ní ohun tó dáa lẹ wá wò,” ni Yao wí. “A máa fi hàn yín.”

Wọ́n fi hàn mí

Ìyà tó jẹ mí ni pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Yao ti ń kan ilẹ̀kùn. Òun àti Máwúlì ló ń mú mi kiri. Máwúlì ni àbúrò Kòmí, géńdé ọkùnrin tó ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, tó máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín. Ó gba báàgì lẹ́yìn mi, ó gbé e bíi pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Orúnkún mi ń bú mi. Mo ń mí bí ẹ̀rọ tí epo ń tán nínú rẹ̀. Mo ń sọ nínú ara mi pé, Bísí, ìwọ lo pa irọ́, gùn ún.

A dé orí rẹ̀ nígbà tí oòrùn ń yọ. Ẹ̀yin ará ilé, ìkùukùu wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Gbogbo ayé tí mo ti gbà wá, ọ̀nà, ìlú, mọ́tò, ó ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, orí àwọn òkè yòókù nìkan ló yọ jáde. Yao ní àwọn kan nínú wọn wà ní Gáná, àwọn kan wà ní Tógò. Mo wò ó títí, mi ò mọ èwo ni ti èwo. Oòrùn wá tan sórí gbogbo rẹ̀, ó pọ́n, ó sì di wúrà. Mo jókòó sórí òkúta. Omijé ń bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ ohun tí mò ń sunkún fún. Mo wá àbùkù lára ohun tí mo ń wò, mi ò rí, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀.

Wọ́n mú mi lọ sí ibi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta. Inú ariwo ẹ̀rọ ni mo ti lo ayé mi, ṣùgbọ́n ariwo omi yẹn ni àkọ́kọ́ tó mú ara mi fúyẹ́. Wọ́n mú mi gba inú oko kọfí tí labalábá pọ̀ débi pé Máwúlì ní kí n máa wo ibi tí mò ń gbé ẹsẹ̀ lé. Wọ́n fún mi ní píà tó tóbi bí orí ọmọdé, wọ́n bu iyọ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni tí a bá pàdé lọ́nà dúró kí wa, ó bi wá nípa ilé, ó bi wá nípa oorun, kó tó kọjá. Bí a bá pàdé ènìyàn púpọ̀, a kì í tètè délé.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń ṣe iṣẹ́ Bàbá. Mo ń fojú wo ìkòkò wọn, mo ń fi etí sí ògiri bóyá wọ́n ń jà, mo ń fi ọgbọ́n bi àwọn aládùúgbò tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ohun tí mo rí kó jọ ò tó nǹkan: Yao máa ń hanrun, iyọ̀ ọbẹ̀ ìyá Kòmí sì máa ń pọ̀.

Ohun tí Bàbá fi ìka kà

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo wa jókòó ti ẹní, à ń ṣa kọfí, à ń yọ èyí tó bàjẹ́ kúrò. Inú mi dùn, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn, ọwọ́ mi sì yá ju tiwọn lọ. Bí Máwúlì ti na ọwọ́ láti bu kọfí ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Wárápá.

Nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa, ẹ rántí bí gbogbo wa ṣe sá, tí àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn wọlé, tí ẹnìkan ń pariwo pé ká má tẹ itọ́ náà. Èmi náà ti dé ẹ̀bá ọ̀nà kí n tó mọ̀ pé mo dìde, mo wẹ̀yìn, mo sì rí i pé èmi nìkan ni mo sá.

Ìyá Kòmí ti tú gèlè rẹ̀, ó fi rọ orí ọmọ rẹ̀, ó sì rọra yí i sí ẹ̀gbẹ́. Yao gbé igbá kọfí kúrò kó má fi orí gbá a. Obìnrin aládùúgbò kan mú atẹ, ó fi ṣíji bò ó nítorí oòrùn, orin tó ń kọ tẹ́lẹ̀ lábẹ́ ohùn ló sì ń kọ lọ, kò gbé e sókè, kò dá a dúró. Kò sí ẹni tó pariwo. Nígbà tí ara Máwúlì rọ̀, tó la ojú, wọ́n dúró kí ojú rẹ̀ mọ́ tán kí wọ́n tó fún un lómi. Ó sinmi díẹ̀. Ó wá wo ẹní, ó sọ nǹkan kan, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ti igbá kọfí rẹ̀ sí i lọ́wọ́.

“Ó ní kí a má ṣa tòun mọ́ tiwa,” ni Yao wí fún mi. “Ó ń lo oògùn ọsibítù, ó ti dín kù gan-an. Ìgbà míì ó máa ń wá. A ti mọ̀ ọ́n.”

Mo ti rí òkè tó ga, mo ti rí omi tó ń bú. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, kò sí èyí nínú wọn tó bà mí lẹ́rù, tó sì dùn mọ́ mi, tó ohun tí mo rí yìí. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè ṣe báyìí. Ṣùgbọ́n mo tún rí ìka ọwọ́ Bàbá lójú mi. Bí mo bá sọ ohun tí mo rí, ọ̀rọ̀ Dúpẹ́ ti parí. Bí mo bá gbé e mì, bàbá tó rán mi níṣẹ́ ni mo parọ́ fún.

Ọ̀dọ̀ Màmá

Yao ní kò sí ẹni tó wá wo òkè tí kì í dé ọ̀dọ̀ ìyá òun. Gáná ni ìyá náà ń gbé, nítorí pé ìdílé wọn ti wà lórí òkè náà kó tó di pé bọ́dà dé bá wọn. A fẹsẹ̀ rìn gba inú oko kan. Okùn kan ló dábùú ọ̀nà, òṣìṣẹ́ kan tó wà nídìí rẹ̀ wo ìwé mi, ó bi Yao nípa kókò tó gbìn, ó sì sọ okùn náà kalẹ̀ fún wa. Mo rántí Ìdí-Ìrókò, mo kàn mi orí.

Ní òdì kejì, ìwé ara ògiri di Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu mi sì padà bọ̀ sípò. Ìlú kékeré kan ni, ó jókòó sí èjìká òkè, òdòdó pupa wà lẹ́nu ọ̀nà ilé gbogbo. Ó dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀ lókèèrè. Màmá jókòó síta, ó ń bó ẹ̀wà, ara rẹ̀ kéré, ojú rẹ̀ ń tàn. Wọ́n fún mi lómi. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á, mo sì mu ún tán.

Màmá sọ tirẹ̀, Yao túmọ̀: “Ní tiwa, àlàáfíà ni. Ìwọ lo wà lójú ọ̀nà. Kí lo mú bá wa?”

Mo la ẹnu láti sọ pé òkè ni mo wá wò. Kò jáde. Mo ní, “Ọ̀tà ni mo ti wá. Èmi ni ẹ̀gbọ́n Dúpẹ́. Bàbá wa ló rán mi wá wò yín.”

Yao ò túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín ló bú sí. Màmá náà ń rẹ́rìn-ín, ó ki ọwọ́ sábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó fa fóònù jáde, ó tẹ̀ ẹ́, ó nà án sí mi. Fọ́tò ọjọ́ ìbí Dúpẹ́ ni, Kòmí ti fi ránṣẹ́ lórí wasáàpù láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí mo fajú ro, tí mò ń wo kéèkì bíi pé ó jí nǹkan mi. Mo gbé báàgì òyìnbó kọ́ ẹ̀yìn lásán!

“A ti mọ̀ ẹ́ láti ìgbà tó o ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọkadà,” ni Màmá ní kí Yao sọ fún mi.

“Ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́, ẹ wá jẹ́ kí n rí Máwúlì?”

Ó wò mí bíi pé ìbéèrè ọmọdé ni mo bi í. “Ibo la ó gbé e sí? Ilé rẹ̀ ni. Tí a bá gbé e pamọ́, àbúrò rẹ á lọ fẹ́ ilé tí kò sí. Kòmí ti sọ fún un. Ṣé kò sọ fún yín ni?”

Dúpẹ́ ò sọ fún wa. Ó mọ Bàbá, ó sì mọ èmi. Ojú tì mí.

“Àwa náà rán ẹnìkan sí yín,” ni Màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Ẹnìkan tó ń bá Kòmí ṣiṣẹ́. Ó wá sí ilé yín bí ẹni tó ń wá yàrá tó máa gbà.”

“Kí ló rí?”

Yao bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Màmá sọ ẹ̀wà kan lù ú, ó ní kó túmọ̀ gbogbo rẹ̀ pérépéré.

“Ó ní bàbá yín máa ń pariwo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sá fún un. Ó ní ọmọ náà dáa. Ó ní àléébù kan ṣoṣo ló wà nílé yín.” Yao ń wo ilẹ̀. “Ó ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan wà tí ojú rẹ̀ kì í rí ohun tó dáa. Ó ní òun rí i lọ́jà, ó ń gbé ẹyin sókè sí oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọlọ́jà fi fẹ́ sunkún. Ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè tú ilé àna ká.”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé èsì kì í wọ́n mi. Ìbéèrè ni mo fi dáhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní, “Kí lẹ wá pinnu, mà?”

Màmá gbé abọ́ ẹ̀wà kúrò lórí itan rẹ̀, ó gba ọwọ́ mi, ó fi sáàárín tirẹ̀.

“A ní kò burú. Kò sí ilé tí ò ní tirẹ̀. A ti gbà ẹ́ mọ́ ọn.”

Ìjù

Bàbá jókòó síta nígbà tí mo dé. Ó ní kí n sọ báàgì kalẹ̀, kí n sì sọ̀rọ̀. Dúpẹ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò wọlé, kò jáde.

“Olè?”

“Kò sí, sà.”

“Wèrè? Ẹ̀tẹ̀?”

“Kò sí.”

“Wárápá?”

“Ó wà, Bàbá. Máwúlì, àbúrò Kòmí, ni.”

Dúpẹ́ di ojú. Mo yára sọ ìyókù kí Bàbá tó dìde. Mo sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe tú gèlè, mo sọ ti obìnrin tí kò dá orin dúró, mo sọ pé èmi nìkan ni mo sá. Mo sọ pé láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ mí.

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. “Wọ́n mọ̀ pé ìwádìí lo lọ ṣe?”

“Wọ́n mọ̀, sà.”

“Wọn ò sì gbé ọmọ náà pamọ́.”

“Wọn ò gbé e pamọ́. Àwọn náà ti rán ẹni wá wò wá, Bàbá. Wọ́n rí àléébù.”

Ó jókòó dáadáa. “Nínú ilé tèmi? Kí ni wọ́n rí?”

“Èmi ni, sà.”

Mo dúró kó bínú, kó jiyàn fún mi. Ó wò mí, ó wò mí títí. Kò jiyàn.

“Wọ́n sì gbà?”

“Wọ́n gbà.”

Ó nu awò ojú rẹ̀ létí aṣọ, ó tún un wọ̀, ó kọjú sí ẹnu ilẹ̀kùn.

“Dúpẹ́, pe ọkọ ẹ. Sọ fún un pé kí àwọn èèyàn ẹ̀ máa bọ̀.” Ó na ìka kan sókè. “Kí wọ́n má fi Máwúlì sílẹ̀ nílé o.”